Warrior mi ò yé kú ní level 27, ẹ bá mi wo ohun tó wọ̀

Omo_Lafiaji
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí wa. World of Warcraft Classic (WoW), géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń gbá: Human (ẹ̀yà ènìyàn) ni mí, Warrior (jagunjagun) sì ni class mi, ìyẹn irú akọni tí mo yàn, level 27, server Yúróòpù. Bí ọ̀tá bá jẹ́ ẹyọ kan, mo máa ń rí i pa, àmọ́ ẹ̀mí mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọ́n bá pé méjì, ẹ yáa máa wá òkú mi lọ. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbá Mage (oṣó) lórí kọ̀ǹpútà kan náà ti kọjá mi, kò sì jẹ́ kí n rímú mí.

Ohun tó wà lára mi nìyí: ẹ̀wù of the Eagle, ṣòkòtò of the Owl, bàtà of the Bear, ìbọ̀wọ́ lásán tí kò lórúkọ, asà, àti idà ọlọ́wọ́ kan tó yára gan-an. Gbogbo wọn ni Armor (ààbò) wọn pọ̀. Ṣé kí n pààrọ̀ aṣọ ni, àbí kí n pa Warrior tì kí n lọ mú class mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn pé iná kì í dúró ládùúgbò wa.

Egbon_Otigba
Àbúrò, má pa á tì. Kò sí ohun tó ṣe Warrior rẹ, ẹrù ẹlẹ́rù lo gbé wọ̀ ọ́.

Kó o tó wo Armor, wo orúkọ ẹranko tó wà ní ìparí orúkọ aṣọ. Òun ló ń sọ ẹni tí aṣọ náà wà fún. Bear ń fún ọ ní Strength (agbára ìluni) àti Stamina (tó ń fi kún ẹ̀mí rẹ): tìrẹ ni. Tiger ń fúnni ní Strength àti Agility (ìyára ara): tìrẹ náà ni. Monkey jẹ́ Agility àti Stamina, Rogue (ọlọ́bẹ tó ń yọ́ rìn) àti Hunter (ọdẹ tó ń tafà) ló ni ín, ṣùgbọ́n bí o kò bá rí Bear, o lè fi rọ́jú. Boar ní Strength àti Spirit, Whale ní Stamina àti Spirit. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn méjèèjì yìí, mi ò sì mọ ìdí ẹ̀, torí Spirit ló ń dá ẹ̀mí rẹ padà kíákíá lẹ́yìn ìjà, Warrior tó ń dá rìn sì nílò ẹ̀.

Eagle ńkọ́? Intellect àti Stamina. Owl? Intellect àti Spirit. Àbúrò, Intellect ń fi kún mana, ìyẹn agbára idán, Warrior ò sì ní mana rárá. Kí lo fẹ́ fi Intellect ṣe, ṣé o fẹ́ kọ JAMB ni? Àbúrò rẹ tó ń gbá Mage ò tiẹ̀ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ, torí cloth (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) nìkan ni Mage lè wọ̀. Tà méjèèjì fún vendor, oníṣòwò inú géèmù, torí ohun tí o bá ti wọ̀ ti di soulbound, tìrẹ nìkan, kò ṣeé tà mọ́ ní Auction House, ọjà gbàǹjo àwọn tó ń gbá géèmù.

Ó wá ku idà. Òun gan-an ló ń pa ọ́. Rage tí Warrior fi ń ṣiṣẹ́ ń wá láti inú ìyà tó ń fi jẹ ọ̀tá àti ìyà tí ọ̀tá ń fi jẹ ẹ́. Bí ohun ìjà rẹ ò bá lágbára, ìyà tí ìwọ ń jẹ nìkan ni yóò máa mú Rage wá, ìyẹn ni pé wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó o tó rí agbára jà. Wá two-hand, ohun ìjà ọlọ́wọ́ méjì, kó o sì wo Speed rẹ̀ (ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìluni kan sí èkejì): bí ó bá ti lé ní 3.3, ó dáa. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù pé ó lọ́ra. Nígbàkigbà tí o bá tẹ Overpower, ọ̀kan nínú skill ìjà Warrior, damage (ìyà tó ń fi jẹ ọ̀tá) ẹyọ kan inú ohun ìjà rẹ ló máa lò, kò bìkítà bó ṣe yára tó. Èyí tó wúwo tó sì lọ́ra ni yóò so èso nínú Overpower kan náà yẹn.

Ti asà, kó o sápò. Ọjọ́ dungeon (ibi ewu tí ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún ń jọ wọ̀) lo máa mú un jáde.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún ọmọ tuntun: bí o bá ra two-hand axe, o gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ Weapon Master, olùkọ́ ohun ìjà, ní ìlú Ironforge. Ti idà ọlọ́wọ́ méjì wà ní Stormwind. Bí o bá sì ti kọ́ ọ, skill rẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti 1, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po márùn-ún level rẹ ló yẹ kó wà, ìyẹn 135. Lọ bá àwọn ẹranko tí kò tó ọ́ jà títí yóò fi gòkè. Bí o bá gbé àáké tí o kò mọ̀ ọ́n lò lọ bá ọ̀tá tó tó ọ, atẹ́gùn ni wàá máa gé.

Ode_Oshodi
Ẹ̀gbọ́n Otigba ti sọ̀rọ̀, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bọ́mọ sọ òótọ́: ẹni tí iná ò dúró lọ́dọ̀ ẹ̀, Hunter ló yẹ kó gbá.

Láti level 10 lo ti máa mú ẹran sin. Ẹran yẹn ni yóò máa ṣíwájú, òun ni wọ́n máa bù jẹ, ìwọ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán máa tafà. Bí network bá ṣe mẹ̀lọmẹ̀lọ, ẹran ṣì ń jà. Kò sí Warrior tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣe Hunter bí ẹní ń ṣe eré ìdárayá o. Ẹran gbọ́dọ̀ jẹun. Bí inú ẹ̀ bá dùn, damage rẹ̀ á di 125 nínú 100. Bí ebi bá ń pa á, á lọ sílẹ̀, bó bá sì pẹ́, á sá lọ. Àyè kan sì wà láàárín ìwọ àti ọ̀tá tí o kò ní lè tafà, tí o kò sì ní lè fi idà bá a: ó ti sún mọ́ ọ jù fún ọfà, kò sì tíì dé ibi tí ọwọ́ rẹ ń dé. Yáàdì 8 ni ìlà yẹn. Hunter tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń sá kúrò níbẹ̀, ẹran ẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Obe_Idumota
Ọdẹ, ẹ ti dé! Gbogbo ohun ìjà tó bá já bọ́ ni tiyín, àbí? Idà, ọ̀bẹ, ọ̀pá, àáké, ẹ máa tẹ Need (“mo nílò ẹ̀”) sí i. Lánàá ni Hunter kan gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ èmi Rogue nínú dungeon Scarlet Monastery, ó ní Agility wà lára ẹ̀. Agility wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọfà lo fi ń jẹun!

Ode_Oshodi
Ṣé èmi ni mo gbà á ni? Ẹ máa lọ bá ẹni tó gbà á jà.

AntiPriest_Yaba
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Omo_Lafiaji, èmi Priest, healer tó ń wo ọgbẹ́ ẹgbẹ́, ni mo máa ń wà lẹ́yìn Warrior nínú dungeon, ẹ̀mí wọn ni mò ń wò látàárọ̀. Bí o bá ń dá rìn, ṣe bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Bí o bá máa bá wa wọ dungeon gẹ́gẹ́ bíi tank, ẹni tó ń gba ìyà fún ẹgbẹ́, ohun tó yẹ ọ́ ni asà, Defensive Stance (ìdúró ìgbèjà), àti aṣọ tí Stamina rẹ̀ pọ̀. Mi ò fẹ́ máa rí tank pẹ̀lú àáké ọlọ́wọ́ méjì ní level 27, ó ń jẹ mana mi.

Kí o sì máa wo mana mi kó o tó sáré lọ kọlu àwọn tó kàn. Spirit tó ń dá mana Priest padà kì í ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 lẹ́yìn tí ó bá ti lo mana. Bí mo bá ń fi Heal kékeré tọ́jú rẹ ní gbogbo ìgbà, kò sí ìgbà tí Spirit mi máa ráyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí mi tí mo dúró lójú ìjà tí mi ò ṣe nǹkan kan, mi ò sùn o. Mò ń dúró kí ẹ̀mí rẹ lọ sílẹ̀ dé ibi tí Heal kan ṣoṣo máa tó. Àwọn DPS (àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ lílu ọ̀tá) tó máa ń kígbe pé “heal! heal!” lójú ìjà, ẹ dákẹ́ fún wa. Spell àtijọ́ tó jẹ́ rank ìsàlẹ̀ náà, ẹ má yọ ọ́ kúrò lórí bar yín, torí kò ná mana púpọ̀, ó sì tó fún ọgbẹ́ kékeré.

Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Priest: ẹ má wo aṣọ rárá, wand (ọ̀pá idán kékeré tó ń yin idán lu ọ̀tá) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Lesser Magic Wand ṣeé lò láti level 5, Greater Magic Wand láti level 13, àwọn tó mọ Enchanting ló ń ṣe é, kì í sì wọ́n. Ẹ fi idán Shield sára yín, idán Shadow Word: Pain sí ọ̀tá lára, kí wand parí ìyókù. Mana ò ní tán, ẹ ò ní jókòó mu omi lẹ́yìn gbogbo ìjà. Mo ti rí Priest tó wọ aṣọ olówó ńlá tó sì ń fi ọ̀pá na ẹranko lórí. Ó mà ṣe o.

KosiMana
Mage: ẹ gbá a bó bá wù yín. Omi àti oúnjẹ ọ̀fẹ́, Teleport (tó ń gbé ìwọ nìkan lọ sí ìlú mìíràn) láti level 20, Portal (tó ń gbé àwọn ẹlòmíràn náà) láti level 40 tí àwọn èèyàn máa sanwó fún. Aṣọ ò ṣòro, Intellect àti Stamina, ó tán. Ẹ̀wù of the Eagle tí Warrior yẹn wọ̀, ká ní cloth ni, tí kò sì tíì wọ̀ ọ́, mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

BabaObalende
Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ iná àti network tọ́mọ náà sọ ni mo fẹ́ dáhùn, torí ẹ ń sáré kọjá lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ti yan class.

Ó dáa tó ti wà lórí server Yúróòpù. MainOne, WACS àti Glo-1, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun wọ Èkó, etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n tọ̀ lọ sí Pọ́túgàl àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mú server Amẹ́ríkà ń fi ọ̀nà mìíràn kún ọ̀nà ni. Kódà Yúróòpù yẹn náà, ẹ rántí oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Ẹni tó jẹ́ tank lọ́jọ́ yẹn jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Èyí ló bí ìlànà tèmi. Bí tank bá já kúrò, àwọn mẹ́rin tó kù kú. Bí healer bá já kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí Mage tàbí Rogue bá já kúrò, ìjà á pẹ́ díẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ ò bá ní inverter, tàbí ó kéré jù kọ̀ǹpútà tí bátìrì ẹ̀ ṣì ń gbé e pẹ̀lú data orí fóònù, ẹ má gba tank fún àwọn èèyàn tí ẹ ò mọ̀. Ẹ gba a fún àwọn ọ̀rẹ́ yín tó mọ ìtàn yín. Hardcore tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹjọ 2023, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lo máa kú, ó ti parí, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí iná wọn kì í ṣẹ́jú.

Bí ẹ bá sì ti gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń hu, tí ẹ mọ̀ pé tiyín ò ní pẹ́ kú, ẹ sáré wọ ilé ìtura nínú géèmù kẹ́ ẹ tó jáde. Lóde, ìṣẹ́jú àáyá 20 ló máa gbà kí Log out tó mú, ẹranko ò sì ní dúró dè yín. Nínú ilé ìtura, kíákíá ni. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ ń kó ìsinmi jọ: gbogbo wákàtí 8 ń fún un ní ìdá 5 nínú 100 level kan, títí dé level kan àtààbọ̀, ẹran tó bá sì pa lẹ́yìn náà á fún un ní XP (ìrírí tó ń gbéni dé level tuntun) ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá mú iná lọ láti àná, XP ló ń wọlé fún yín yẹn.

Ti àkókò ńkọ́: nígbà ẹ̀rùn Yúróòpù, aago 8 alẹ́ wọn ni aago 7 tiwa. Èmi ṣì wà lórí Third Mainland Bridge nígbà tí wọ́n bá ń pe raid (ìjà ẹgbẹ́ ńlá). Nígbà òtútù wọn, aago wa dọ́gba, ó sì rọrùn díẹ̀. Ẹ wo guild (ẹgbẹ́ inú géèmù) tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń tún server ṣe, ẹ má ra data ńlá lóru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí géèmù.

Obe_Idumota
Bàbá wa, ẹ ṣeun. Rogue ló bá iná Èkó mu jù. Bó bá di wàhálà, Vanish, skill tó ń jẹ́ kó pòórá.

Nítorí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ohun ìjà ọwọ́ ọ̀tún kó lọ́ra, torí Sinister Strike ń lo damage rẹ̀. Ti ọwọ́ òsì kó yára, kí májèlé lè rí ọ̀pọ̀ àǹfààní bà. Májèlé náà ò sí fún ọmọ kékeré, ẹ máa dé level 20, ẹ sì máa ṣe quest (iṣẹ́ tí géèmù ń ránni) ẹ̀.

Omo_Lafiaji
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ta Eagle àti Owl, mo ra àáké ọlọ́wọ́ méjì àti ẹ̀wù Bear. Ẹranko méjì kì í pa mí mọ́. Mẹ́ta ṣì ń pa mí o. Ṣé kí n máa ra aṣọ tuntun ní gbogbo level? Owó mi ti ń tán.

Egbon_Otigba
Rárá o. Má ra nǹkan kan lówó ńlá láàárín level 27 sí 40. Ohun tí o bá rà lónìí, quest máa fún ọ ní èyí tó dára jù ú lọ láìpẹ́. Ẹṣin ń dúró dè ọ́ ní level 40: góòlù 80 fún ẹṣin, 20 fún ẹ̀kọ́ gígùn ẹ̀, kí ẹ̀dínwó tó wọ̀ ọ́. Warlock àti Paladin ló ń rí tiwọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í ṣe ìwọ.

Mú Mining àti Skinning, kó o máa ta ohun tó bá jáde. Auction House máa yọ ìdá 5 nínú 100, ó tọ́ sí wọn. Má ta aṣọ líníìnì àti wúùlù tó bá já bọ́ lára àwọn èèyàn tí o pa, fi wọ́n ṣe báńdéèjì. First Aid ni dókítà Warrior. Ẹni tí kò ní healer tó sì kọ̀ tí kò kọ́ First Aid, ẹjọ́ ara ẹ̀ ló ń rò.

Ohun ìjà lo máa lépa. Ní báyìí, dungeon Razorfen Kraul: ọ̀gá kan níbẹ̀, Overlord Ramtusk, máa ń ju Corpsemaker sílẹ̀, àáké ọlọ́wọ́ méjì ni. Ní level 30, lọ gba quest lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Wọ́n á rán ọ lọ sí Fray Island ní etí Ratchet, ibẹ̀ lo ti máa gba Berserker Stance. Lẹ́yìn náà, wọ́n á darí ọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Bath'rah ní Alterac Mountains. Bath'rah máa ní kó o wá ewé Liferoot àti àwọn ohun mìíràn láti Arathi; Liferoot wà ní Auction House, má wulẹ̀ máa wá a nínú igbó. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó máa pe ọ̀tá kan, Cyclonian, jáde fún ọ, o ò sì lè dá pa á. Bí ẹ bá pa á, Whirlwind Axe di tìrẹ. Ìrìn náà jìn, ó sì ń súni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìwọ àti àáké yẹn á jọ wọ Scarlet Monastery, níbi tí àáké Ravager ti ń jáde lára ọ̀gá kan, Herod, tí quest àwọn Alliance (ìhà tí Human wà) níbẹ̀ sì lè fún ọ ní àáké Bonebiter. Level 40 lo máa tó wọ plate (ìhámọ́ra irin líle). Mail (ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin) tó ó títí dìgbà náà.

AntiPriest_Yaba
Kẹ́ ẹ sọ ti level 60 fún un náà, torí Human ni.

Egbon_Otigba
Òótọ́ ni, àǹtí. Human ní skill 5 lórí idà àti mace. Ní level 60, bí o bá ń lu ọ̀gá raid, ẹni tí skill ẹ̀ jẹ́ 300 nílò Hit (àǹfààní àtilù bá ọ̀tá) 9 nínú 100 kí àwọn skill ẹ̀ má baà máa tàsé. Ìwọ tí tìrẹ jẹ́ 305 pẹ̀lú idà, 6 ti tó. Ìyẹn ni pé nígbà tó bá yá, wàá padà sídìí idà. Ti tank, àwọn kan máa sọ pé Defense gbọ́dọ̀ dé 440 kí ọ̀gá raid má lè fi crit (ìluni tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ) lù ọ́. Ìṣirò yẹn pé, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ raid, tank tí kò bá lè mú ọ̀tá dúró sọ́dọ̀ ara ẹ̀ ló ń pa ẹgbẹ́, kì í ṣe crit. Kí o dé 60 ná.

Omo_Lafiaji
Mo ti wọ 30, mo ti ti Fray Island dé, ohun tí Bath'rah ní kí n kó wá sì ti pé. Ó ku Cyclonian. Ta ló lè bá mi lọ lọ́jọ́ Sátidé?

Ode_Oshodi
Mò ń bọ̀. Ẹran mi ti yó.

AntiPriest_Yaba
Sátidé kọ́, mo ní òde ní Surulere, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú, aago 6 ìrọ̀lẹ́.

Obe_Idumota
Àìkú dára. Àáké ni wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀ o, Ọdẹ. Kẹ́ ẹ má tẹ Need.

Ode_Oshodi
Ẹ̀bùn quest ni, ọ̀gá. Kò sí Need níbẹ̀.

BabaObalende
Warlock mi máa dúró sọ́dọ̀ Bath'rah láti aago 5. Kí ẹni méjì fẹsẹ̀ rìn wá bá mi láti Southshore, ká lè fi Summon fa àwọn tó kù. Soul Shard mi, ohun tí Summon ń lò, pé. Omo_Lafiaji, gba agbára sí kọ̀ǹpútà rẹ láti àárọ̀.